Igi Tí Mo Búra Pé Kò Sí Lábẹ́ Omi

Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Àwọn ọmọ ìyá mi ní bẹ́ẹ̀, àwọn ará àdúgbò wa ní Gàmbàrí ní bẹ́ẹ̀. Alfa tó kọ́ mi ní kéwú nígbà tí mo wà ní kékeré náà pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ohun tí Ọlọ́run bá ti fi bo ẹrú rẹ̀ láṣìírí, ẹrú náà kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò sì ní fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Aṣọ àṣírí tí wọ́n ń sọ yìí, kò sí ẹni tó bèèrè ara ta ni wọ́n ti bọ́ ọ kí n tó rí i bora. Ara Danjuma atukọ̀ ni. Ìhòòhò ló ń rìn láàrin ìlú ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, tí èmi ń gbé agbádá sọ́rùn, tí wọ́n ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ ọmọlúàbí fún àwọn ọmọ wọn. Nítorí náà, èmi Jímọ́ọ̀, ọmọ bíbí Ìlọrin, tí mo ti ṣe olórí òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ dáàmù rí, tí mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ wo abẹ́ omi, mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìdí-Ẹmi ni orúkọ abúlé ìyá mi, lọ́nà Malete. Igi ẹmi ló pọ̀ níbẹ̀, èso rẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń ṣe òrí tí a fi ń para. Ní ọdún 1987, wọ́n pinnu láti sé odò tó wà nísàlẹ̀ abúlé náà, kí omi lè dúró, kí àwọn àgbẹ̀ lè rí i lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Alhaji Garba ni kọngílá tó gba iṣẹ́ gígé igi orí ilẹ̀ tí omi máa bò. Èmi ló fi ṣe olórí àwọn tó ń gégi, nítorí pé mo mọ ilẹ̀ náà bí ẹní mowó. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ri àsíá pupa mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, láti èbúté kan dé èkejì. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi máa gbà tí omi bá kún. Wọ́n sọ fún wa pé ibòmíràn lè ní kùkùté, kò burú, ṣùgbọ́n nínú ọ̀nà yìí, igi kankan kò gbọdọ̀ dúró.

Ní ilẹ̀ wa, tí ènìyàn bá ń ṣán oko tuntun, gbogbo igi ló lè gé, àfi igi ẹmi àti igi igbá tí a fi èso rẹ̀ ń ṣe irú. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní òfin. Àwọn obìnrin ló ni wọ́n. Ìyá a máa mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sídìí igi, a ní èyí ni ìyá àgbà rẹ ń ṣà, èyí ni kí ìwọ náà máa ṣà. Nígbà tí àwọn obìnrin Ìdí-Ẹmi rí wa pẹ̀lú àáké, wọ́n wá bá mi, Àdùnní ìyá mi ló sì ṣíwájú wọn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé omi ń bọ̀, pé yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, a gé e, a kò gé e. Wọ́n ní omi tó wá lè padà lọ. Wọ́n ní odò yẹn ti kún rí, ó sì ti fà rí. Ìyá mi gbá igi tirẹ̀ mọ́ra, igi ńlá kan tó pín sí méjì láti àárín, ó wò mí lójú.

“Jímọ́ọ̀, òrí igi yìí ni mo fi pa ọ́ lára lọ́jọ́ tí mo bí ọ. Tí o bá máa gé e, dúró kí n kú ná.”

Àárín ọ̀nà ọkọ̀ gan-an ni igi náà wà. Mo rí àsíá pupa lápá ọ̀tún rẹ̀, mo rí i lápá òsì rẹ̀. Mo sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ fò ó. Nígbà tí mo lọ sọ fún Alhaji Garba, mo rò pé yóò bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló rín. Ó ní ìnira ti dín kù fún òun nìyẹn, ó sì lọ sọ fún àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un pé ọ̀nà náà mọ́ tónítóní. Kí n tó bú Garba, ẹ jẹ́ kí n bú ara mi. Òun purọ́ nítorí ọ̀lẹ. Èmi ṣàánú ìyá mi, àánú yẹn kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni pé n kò sọ fún atukọ̀ kankan pé igi wà níbẹ̀. Kí ló dí mi lọ́wọ́? Kò sí. Ojú ń tì mí láti sọ pé èmi olórí òṣìṣẹ́ gbọ́ràn sí obìnrin lẹ́nu ju ẹni tó gbà mí síṣẹ́ lọ. Omi kún, ó bo igi náà, ìyá mi sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo gbàgbé igi náà nítorí pé mo fẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Danjuma ló ń tu ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lórí omi náà. Ọmọ àdúgbò wa ni, ilé kéwú kan náà ni a jọ lọ. Kì í sáré lórí omi, kì í mutí, kì í kó èrò kọjá bó ṣe yẹ. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n padà fi kàn án. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1992, tí omi ti fà gidigidi, ó kó àwọn èrò ọjà láti Ìdí-Ẹmi lọ sí òdìkejì. Màsúdát wà nínú wọn, amọ̀kòkò ni, ìyàwó Alfa Àbdùlkàdírì ará àdúgbò wa. Ó di ìkòkò rẹ̀ sínú koríko kí wọ́n má baà fọ́. Nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀nà tí wọ́n ní ó mọ́ tónítóní, ìdí ọkọ̀ kọlu nǹkan kan, ó sì dojú dé. Àwọn apẹja sáré dé, wọ́n ń fa èrò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Danjuma fúnra rẹ̀ wọ inú omi padà títí agbára rẹ̀ fi pin. Gbogbo wọn ló yè àfi Màsúdát. Ọkọ̀ rì, ìkòkò rì, wọn kò sì rí obìnrin náà mọ́.

Ìgbà tí mo débẹ̀, Danjuma ń gbọ̀n lórí iyanrìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń tẹnu mọ́. Ó ní igi ni, igi ni ọkọ̀ kọlu. Àwọn ènìyàn ń bi í pé igi wo, ṣebí wọ́n ti gé gbogbo igi ọ̀nà yẹn tán? Ẹnìkan ní, Jímọ́ọ̀ nìyí, òun ló ṣe olórí àwọn tó gé e, ẹ bi í. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo mọ igi tó ń sọ. Mo mọ ìyá tó ni ín. Mo sì dá wọn lóhùn pé kò sí igi kankan níbẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún Danjuma, wọ́n fi í sílẹ̀ lóun nìkan lórí iyanrìn yẹn.

Alfa Àbdùlkàdírì kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń bèèrè kò ju pé kí wọ́n bá òun wá ìyàwó òun, kí wọ́n lè wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wé e, kí wọ́n kírun sí i lára, kí wọ́n sì kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì. Àwọn apẹja mòòkùn títí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti sún lọ kó tó rì, omi sì dú bí ẹrẹ̀. Danjuma kò lè fi ìka tọ́ka sí ibi tó jẹ́ gan-an. Nígbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí Ẹnjiníà Ahmad, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbé ní Tanke. Ó ní ẹ̀rọ kan tó fi ń wo ìsàlẹ̀ omi, èyí tó fi ń mọ bí iyanrìn ṣe ń kún inú dáàmù. Wọ́n ní ó nílò ẹni tó mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí kí omi tó bò ó. Ta ni wọ́n tún máa pè bí kò ṣe èmi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà, nítorí pé òun ló sọ mí di aláìláwàwí. Irin gígùn kan ni, ó tó ọmọ odó, ìrù rẹ̀ sì ní apá bíi ti ẹja. A so ó mọ́ okùn oníwáyà, a ń wọ́ ọ lẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Bó ṣe ń lọ, ó ń pariwo sínú omi lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ariwo tí etí wa kò lè gbọ́. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ yóò dá ariwo náà padà. Àpótí kan wà lórí itan ẹni tó bá jókòó tì í, bátìrì mótò ni wọ́n fi ń gbé e ṣiṣẹ́, òun ló ń ya ohun tí irin náà gbọ́ sórí bébà, tí bébà náà sì ń rùn bí ẹni pé iná ń jó o. Nínú omi tí kò jìn bíi tiwa, irin náà kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ púpọ̀ kó má baà gbálẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì rárá, torí ariwo rẹ̀ yóò ba àwòrán jẹ́. Àjẹ̀ ni a ń lò, jẹ́ẹ́jẹ́, tààrà, bí ẹni tó ń kọ ebè. Ẹnjiníà Ahmad ní sùúrù, ó kọ́ mi dáadáa. Ó ní kí n má wo nǹkan náà fúnra rẹ̀ lórí bébà, òjìji rẹ̀ tó máa ń funfun lórí bébà ni kí n máa wò, torí òjìji ló ń sọ bí nǹkan ṣe ga tó àti bó ṣe rí. Mo mọ̀ ọ́n kíá. Ó yìn mí, ó ní tí mo bá kàwé ni, ǹ bá ti di ẹnjiníà.

Mo wá ń fi ìmọ̀ yẹn ṣe ìkà. Ẹnjiníà ń bi mí pé apá ibo ni ká kọ́kọ́ wò, mo ń darí rẹ̀ lọ sí ibi tí mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan. Mo ní omi a máa ṣàn gba ìhà ìwọ̀ oòrùn. Mo ní ibẹ̀ ni kòtò wà. Ó ń gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó ń dúpẹ́. A wá ìdí àpáta, a wá ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé àwọn tó ti kó lọ, bébà sì ń jáde lásán. Ní ọjọ́ kejì, ibà gbé Ẹnjiníà dè, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ títí ara òun yóò fi yá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, èmi àti Màmúdù apẹja nìkan la lọ. Òun ló wà níwájú tó ń tukọ̀, ó kẹ̀yìn sí mi. Màmúdù kò bèèrè ibi tí mo fẹ́ ká gbà, ó kàn darí ọkọ̀ sí ọ̀nà àsíá pupa àtijọ́. Ó ní ọkàn òun ń sọ fún òun pé ká wo ibẹ̀. Kí ni kí n wí? Mo sọ irin náà sínú omi.

Mo rí i. Bébà ń jáde díẹ̀díẹ̀, igi ìyá mi sì ń jáde pẹ̀lú rẹ̀. Òjìji rẹ̀ funfun, ó gùn, ó pín sí méjì láti àárín gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ wà, ó dojú dé. Ìkòkò fọ́n ká sílẹ̀, róbótó-róbótó, òjìji kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn wọn. Nínú pàlàpálá igi náà, níbi tó ti pín, nǹkan kan há síbẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀ka. Ó ní apá. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí n bo ara mi láṣìírí, ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe? Mo pa ẹ̀rọ náà. Màmúdù bi mí pé ṣé mo rí nǹkan, mo ní òkúta lásán ni, bátìrì sì ti fẹ́ kú. Mo ya bébà náà, mo kì í sínú omi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi rì. Màsúdát wà nísàlẹ̀ wa. Tí Màmúdù bá mòòkùn nígbà náà, kì bá ti jáde sóke lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀rọ yẹn kò purọ́ fún mi. Ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e wá, ó rí obìnrin náà, ó fi hàn mí. Èmi ènìyàn ni mo purọ́. Inú a máa bí mi tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé èṣù ló ti ènìyàn. Èṣù kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ náà, èmi ni wọ́n kọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Alhaji Garba ránṣẹ́ pè mí. Kò bi mí pé kí ni mo rí. Ó kàn ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ní, “Tí wọ́n bá rí igi níbẹ̀, ẹni tí kò gé e ni wọ́n máa mú. Èmi kò mú àáké lọ́wọ́ rí.” Ó ní kí n kí àwọn ará ilé. Mo jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣe lóore. Ẹnjiníà Ahmad sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Alfa pé ẹ̀rọ òun kò ṣe é ní oore.

Wọ́n yan ìgbìmọ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Danjuma dúró níwájú wọn, ó tún sọ pé igi ni. Alhaji Garba jókòó níwájú, ó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe láàánú. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní ṣé mo lè fi Àlùkùránì búra. Mo lọ ṣe àlùwàlá. Omi tí mo fi ṣe é tutù, mo fọ ojú, mo fọ apá, mo fọ ẹsẹ̀, mo sì ń mọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn pé irọ́ ni mò ń wẹ̀ fún. Mo gbé ọwọ́ lé Tírà Ọlọ́run, mo búra pé n kò fi igi kankan sílẹ̀ ní ọ̀nà ọkọ̀, pé ẹ̀rọ kò sì fi igi kankan hàn mí. Mo rò pé Danjuma máa pariwo pé òpùrọ́ ni mí. Mo ti múra sílẹ̀ fún un. Ká ní ó gàn mí ni, ìbá sàn. Ó wò mí títí, ojú rẹ̀ yí padà, ó wá kọjú sí àwọn ìgbìmọ̀.

“Jímọ́ọ̀ kò jẹ́ fi Àlùkùránì purọ́, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó ní láti jẹ́ pé oorun ló gbé mi lọ. Mo ti yà kúrò lọ́nà láìmọ̀. Èmi ni mo pa obìnrin náà.”

Ohun tó burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe nìyẹn. Irọ́ tí mo pa fún ìgbìmọ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Bébà tí mo rì, èmi ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo gba ojú Danjuma lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba etí rẹ̀, mo gba ohun tí ara rẹ̀ gan-an mọ̀, mo fi ẹ̀ṣẹ̀ mi rọ́pò rẹ̀, ó sì gbà á mọ́ra. Wọ́n ní kó má tukọ̀ mọ́. Ó di alábàárù ní ọjà, ó ń fi orí ru ẹrù fún àwọn tó ń pè é ní apànìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà kó má baà kọjá níwájú ilé Alfa Àbdùlkàdírì. Ó lọ bi àwọn alfa léèrè ohun tí ẹni tó bá ṣèèṣì pa mùsùlùmí gbọ́dọ̀ ṣe, wọ́n ní kó gba ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra, tí kò gbọdọ̀ já. Danjuma gbà á nínú ooru, pẹ̀lú ẹrù lórí. Nígbà mìíràn, ilé mi ló ti ń ṣínu. Mo ń bu ògì fún un, mo ń fún un ní àkàrà. Ó ní kí n bá òun ṣe àdúà kí Ọlọ́run lè gba ààwẹ̀ òun. Mo tẹ́wọ́, mo ní àmín.

Ọdún gorí ọdún. Ní 1997, orúkọ mi jáde láti lọ sí Mẹ́kà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí ènìyàn bá ń lọ, yóò kọ́kọ́ lọ láti ilé dé ilé, yóò ní kí wọ́n foríjì òun. Mo lọ. Ilé wo ni mo wọ̀ tí wọn kò rẹ́rìn-ín pàdé mi? Wọ́n ní àwọn ti foríjì mí, kí n bá àwọn ṣe àdúà ní Àráfà, kí n bá àwọn mú omi sàmúsàmù bọ̀. Kò sí ẹnìkan tó bi mí pé, Jímọ́ọ̀, kí lo ṣe? Bí ẹni ń pín súwíìtì ni wọ́n ń pín ìdáríjì fún mi. Kí ló dé tí ó rọrùn fún yín tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin kan náà ni ẹ kò lè foríji Danjuma fún ohun tí kò ṣe. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo lọ gbẹ̀yìn, torí pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ó ń sinmi lórí àpò ìrẹsì nínú ọjà, ó dìde fún mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ mi.

“Kò sí ohun tí o ṣe mí, Jímọ́ọ̀, àmọ́ tó bá wà, mo ti foríjì ọ́. Tí o bá dé Àráfà, bá mi bẹ Ọlọ́run nítorí obìnrin tí mo pa.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin ọjà, mo ní, “Danjuma, o kò pa ẹnikẹ́ni. O ò sùn. Igi ni.” Mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìyá mi títí kan bébà tí mo rì. Kò nà mí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé mo rí i lójú ara mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí pé ṣé mo ti mọ̀ lọ́jọ́ tí mo ń bu ògì fún òun, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá gbé àpò ìrẹsì rẹ̀ lérí, ó gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ ni mo ti dìde lọ bá Alfa Àbdùlkàdírì. Òun náà gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó bèèrè ọjọ́ tí mo rí ìyàwó òun, mo ní ọjọ́ kẹta tí a fi ẹ̀rọ wá a ni. Ó ní, “Alẹ́ ọjọ́ kẹta yẹn ni mo wá sílé rẹ wá dúpẹ́.” Lóòótọ́ ni. Ó wá, ó gbé obì wá, mo sì gba obì náà.

N kò lọ sí Mẹ́kà mọ́. Mo mú Màmúdù lọ sójú omi, mo fi ibẹ̀ hàn án, láìlo ẹ̀rọ kankan. Nígbà tí omi fà, ó mòòkùn, ó bá igi náà, ó bá àwọn ìkòkò, púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ fọ́. Ó bá egungun Màsúdát nínú pàlàpálá igi, ìró rẹ̀ ṣì wé mọ́ ọn. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n kírun sí i lára, Alfa Àbdùlkàdírì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí gábàsì. Danjuma wà ní sáfù, ìlà àwọn tó ń kírun, èjìká rẹ̀ kan èjìká Alfa. Alhaji Garba kò wá. Ó ń sọ káàkiri pé orí mi ti dàrú, ó sì ń jókòó sí sáfù àkọ́kọ́ ní gbogbo Jímọ̀ títí di òní, kò sì sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kankan. Mo ti lọ jẹ́wọ́ fún àwọn tó yan ìgbìmọ̀ ọjọ́ yẹn pé ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe fún mi, mo wà nílé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, kí n fi sílẹ̀. Ó ti pẹ́ fún ta ni? Ẹ lọ bi orí Danjuma tó ń ru ẹrù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní àmọ̀ràn tó pọ̀ fún yín. Tí ẹ bá fẹ́ tọrọ ìdáríjì, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ṣe, kí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ lè mọ iye tó ń fi sílẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, jìbìtì lẹ tún ń lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí a ń bọ̀ láti ibi tí a sin Màsúdát sí, Danjuma dúró dè mí lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ ọjà yẹn, a kò tíì sọ̀rọ̀. Kò pariwo, kò sì tẹjú mọ́ mi.

“Mo foríjì ọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tí mò ń foríjì. Mo gbà á padà. Tí mo bá rí ìdáríjì mìíràn nínú ọkàn mi, màá gbé e wá bá ọ nílé. Má wá bi mí.”

Mi ò tíì bi í. Tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn wa, èmi ni mo ń sáré lọ ṣí i.